Oúnjẹ Tí A Wọ̀n Fún Ẹnì Kan

Nínú gbogbo ohun tí à ń jẹ lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ wa, bóyá ni a fi rí èyí tí ó rọrùn láti gbé tó ẹ̀pà. Kò ní omi ọbẹ̀ tí yóò dà sí ni láṣọ, kò béèrè àwo, kò béèrè síbí. Ọmọdé ń fi í jẹ gúgúrú, akẹ́kọ̀ọ́ ń dà á sínú gààrì, awakọ̀ ń fi í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí a bá sì lọ̀ ọ́, tí a fún òróró rẹ̀ jáde, tí a din ìyókù, ó di kúlìkúlì tí arìnrìn-àjò lè gbé rìn fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé àwọn kan ní òkè òkun ń lọ ẹ̀pà kúnná bí òrí, tí wọ́n sì ń dí i sínú àpò ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún jíjẹ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò yà wá lẹ́nu. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni ẹ̀kọ́ tí àpò kékeré náà kọ́ wa nípa ara wa. Ẹ̀kọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ń bẹ nínú rẹ̀ fún wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó fi mẹ́fà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ ní gígùn. A ó fa etí rẹ̀ ya, a ó fún un sí ẹnu, ó parí. Ọwọ́ kò kan oúnjẹ rárá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ sí wa pé oúnjẹ èrò ọ̀nà ni, kí a máa fi í sí àpò ẹ̀wù nígbà tí a bá ń lọ sí àjò.

Ó sì ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan, a ní láti mú ọmọ ilé-ìwé wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn ilé-ìwé ìjọ ti ń bá ara wọn díje nínú ìmọ̀ Bíbélì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ọmọ opó ni, orí rẹ̀ sì pé ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a rìn dé agbedeméjì Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ọkọ̀ wa dákẹ́. Awakọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, àwa èrò sì bọ́ sílẹ̀, a jókòó sí etí ọ̀nà. Wákàtí kan kọjá, èkejì sì tẹ̀lé e. Oòrùn mú.

Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wá. Àpò ẹ̀pà méjì ń bẹ nínú ẹ̀wù wa. A wo àwọn èrò, a kà wọ́n: mẹ́rìnlá ni wá. A rò nínú ọkàn wa pé, ‘Kí ni èyí yóò ṣe láàárín ènìyàn mẹ́rìnlá? Oúnjẹ ẹnì kan ni. Ẹni tí ó ṣe é ni ó wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.’ A dìde, a yà sí ẹ̀yìn igi kan bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe ní gbangba. A fa ọ̀kan ya, a fún un sí ẹnu; a fa èkejì ya pẹ̀lú. Ó dùn. A nu ẹnu wa, a padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó di ìwé rẹ̀ mú lórí eékún, ṣùgbọ́n kò ṣí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìyá arúgbó kan, tí ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, tú ìdì kan. Ẹ̀pà yíyan ni, èyí tí ó ń gbé lọ tà ní Ọ̀yọ́. Ó fi agolo kékeré bù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà. ‘Gbà, ọmọ mi,’ ni ó wí, ‘ojú rẹ ti gbẹ.’ Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí koríko. Ìyá náà fún àwọn yòókù ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní, ‘Tíṣà, ẹ gba èyí, kí ẹ fi tan ebi díẹ̀.’ A ní, ‘Ẹ ṣé, Ìyá,’ a sì na ọwọ́ gbà á, nítorí bí a bá kọ̀, wọn yóò bi wá ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jẹ ẹ́ ni ó ń dà bí òkúta ní ẹnu wa.

Ìgbà tí a dé Ìbàdàn ni a tó mọ gbogbo òtítọ́. Ọmọ náà dáhùn ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ẹni tí ń ka ìwé. Nígbà tí ó kan ìkẹrin, ó dìde, ó di bẹ́ǹṣì mú, ó sì tún jókòó. Ohun tí ó mọ̀ dájú ni wọ́n bi í. Àìmọye ìgbà ni a ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. A mú un jáde, a bi í léèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Ojú mi ni ó ṣú.’ A tún bi í pé ìgbà wo ni ó jẹun kẹ́yìn. Ó ní ọ̀sán àná ni. Ẹ̀pà ìyá arúgbó ni ohun tí ó kọ́kọ́ kan òun lẹ́nu ní ọjọ́ náà. Gààrì tí ó kù nílé ni ìyá rẹ̀ tà láti fi san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò fi kọ́ ara wa. Wọ́n sì tún wí pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọjọ́ náà ni a ru igbá wa, ó sì wúwo. A kò jẹ́wọ́ fún ọmọ náà ohun tí a ṣe lẹ́yìn igi. Títí di òní a kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un. Bóyá ojú ìwé yìí ni yóò ti kà á.

Láti ìgbà náà ni a ti kórìíra àpò ẹ̀pà náà. A kó mẹ́rin tí ó kù jù sí ìsàlẹ̀ àpótí. A sì ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa pé oúnjẹ tí a ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń sọ ènìyàn di ahun. Ó rọrùn fún wa láti dá ọ̀rá lẹ́bi ju kí a dá ọwọ́ tí ó fà á ya lẹ́bi lọ.

Ṣùgbọ́n àbúrò wa obìnrin kan, ẹni tí í ṣe nọ́ọ̀sì, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Borno láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé, kò gbà fún wa. Nígbà tí ó wá kí wa, ó gbọ́ ìwàásù wa lórí ahun, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, irú àpò tí ẹ ń bú yìí ni mo fi rí i tí ọmọ tí ó ń kú lọ jókòó tí ó sì béèrè omi.’

Ó wá là wá lọ́yẹ̀. Ẹ̀pà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti ṣẹ̀ wá, àwọn Potogí sì ni wọ́n gbé e dé etíkun wa. Bí a bá pín ẹ̀pà sí mẹ́rin, bí ìdá kan nínú rẹ̀ ni èyí tí ń mú ara ọmọ dàgbà, òróró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ní ọdún 1895, Dókítà John Harvey Kellogg, ẹni tí ń ṣe àkóso ilé ìtọ́jú kan ní Battle Creek ní Amẹ́ríkà, béèrè fún ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí ó ń gbà lọ irú èso bẹ́ẹ̀, kí àwọn aláìsàn rẹ̀ lè rí ohun tí yóò rọ́pò ẹran. Ẹ kíyèsí i pé aláìlera ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe èrò ọ̀nà.

Ní ọdún 1996, dókítà ọmọdé kan ní ilẹ̀ Faransé, André Briend, àti Michel Lescanne, ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ṣe ohun tí wọ́n pè ní Plumpy’Nut. Ṣáájú ìgbà náà, wàrà ni a fi ń tọ́jú ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Wàrà náà sì ń fẹ́ omi mímọ́, ó ń fẹ́ kí ìyá àti ọmọ jókòó sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Omi tí kò mọ́ a sì máa pa ọmọ tí wàrà ìbá là. Àwọn ọkùnrin méjì yìí po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ wàrà gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti àwọn èròjà tí ara ń fẹ́. Wọ́n dí i sínú àpò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 92, tí agbára oúnjẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ kálórì 500. Kò fẹ́ omi pípò, kò fẹ́ iná. Nítorí pé kò sí omi nínú rẹ̀, kòkòrò àrùn kò lè bí sí i níbẹ̀. Ìyá lè gbé ti ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ilé. Nígbà tí ìyàn mú ní orílẹ̀-èdè Niger ní 2005, ó gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là. Ní 2007, àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ UNICEF pẹ̀lú àwọn mìíràn kéde pé kí a máa tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé wọn pẹ̀lú irú oúnjẹ yìí.

Àbúrò wa wá sọ ti ìyá kan fún wa. Ọmọ rẹ̀ ti rù dé ibi pé, nígbà tí a fi okùn wọn apá rẹ̀, kò tó mìlímítà 115. Wọ́n fún ìyá náà ní àpò ẹ̀pà tí ọmọ yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó padà wá, ọmọ kò tẹ̀wọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́ pé òun pín in sí méjì fún un àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, ‘Báwo ni ọ̀kan yóò ṣe máa jẹ tí èkejì yóò máa wò ó?’ Àbúrò wa ní omi bọ́ lójú òun, nítorí bí a ti tọ́ òun náà ni ìyá yìí ṣe. Síbẹ̀ ó ní láti sọ fún un pé oògùn ni èyí, àti pé bí a bá pín oògùn ẹnì kan sí méjì, kò ní wo ẹnì kankan sàn. Wọ́n wá oúnjẹ mìíràn fún ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá yẹn pín ohun tí kò yẹ kí ó pín, nítorí ìfẹ́. Àwa kò pín ohun tí ó yẹ kí a pín, nítorí ikùn. Oúnjẹ kan náà ni, òṣùwọ̀n kan náà ni. Nígbà náà ni ó yé wa pé kò sí ẹ̀bi lára òṣùwọ̀n. Mánà tí Ọlọ́run rọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù, ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò lè kó púpọ̀ kò sì ṣe aláìní. A wọ̀n ọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa sí ẹni tí a ó gbàgbé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa lẹ́yìn igi ọjọ́ náà kì í ṣe pé, ‘Ṣé ó tó fún ènìyàn mẹ́rìnlá?’ Ìbéèrè náà ni pé, ‘Nínú àwa mẹ́rìnlá, ta ni a wọ̀n ọ́n fún?’ Ẹni náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, ìwé wà lórí eékún rẹ̀.

Ní ilé-ìwé wa nísinsìnyí, a kì í dúró de ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. A ń ra ẹ̀pà lọ́jà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sì ń bá wa ṣà á. Èyí tí ó bá ti bu, dídànù ni, a kò gbọdọ̀ lọ̀ ọ́. Nítorí ní ọdún 1960, ẹ̀pà tí ó bu pa tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, májèlé inú rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú. A ń yan ìyókù, a ń bó èèpo rẹ̀, a ń lọ̀ ọ́ títí òróró ara rẹ̀ yóò fi mú un rọ̀, a ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, a sì ń bù ú sínú ike kéékèèké tí ó ní ìdérí, ìwọ̀n ẹnì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A máa ń kọ́kọ́ bi àwọn òbí bóyá ẹ̀pà ń ṣe ọmọ wọn ní ibi, nítorí ó ń bẹ nínú ènìyàn ẹni tí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa. Ike wọ̀nyí ń bẹ nínú àpótí tábìlì wa. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá gbẹ ní òwúrọ̀, a ń rán an níṣẹ́ lọ sí ìdí tábìlì náà, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa mọ ohun tí ó lọ ṣe. Ẹ̀yìn tábìlì yìí ni a fi dípò ẹ̀yìn igi ọjọ́sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ń mú ọmọ lọ sí àjò, ẹ má ṣe bi í nìkan bóyá ó mọ ẹsẹ Bíbélì rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín mọ́ ebi. Ẹ sọ ọ́ fún wa, nítorí ojú àgbà a máa fọ́ nígbà mìíràn. Ní ti àwa, oúnjẹ ẹnì kan ni a ṣì ń fi sí àpò ẹ̀wù nígbà tí a bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Méjì ni a máa ń mú. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa, a kò sì gbọdọ̀ fa tiwa ya títí a ó fi rí ẹni tí ó ni ín.