Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ Kì í Ṣàdédé Kú

Agbowó, Ìbàdàn
Oṣù Ògún, 2025

Àjọkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn ọmọ ń rí oorun sùn, nítorí ó gbọ́ lórí rédíò pé ooru ọ̀dọ̀ yín ti ju ìwọ̀n 50 lọ lọ́dún yìí. Mo ti sọ fún un pé inú ilé yín tutù, pé inú mọ́tò nìkan ni wàhálà wà.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Mo gbọ́ igbe tí mọ́tò náà ń ké bí o ṣe tan AC, mo sì rí èéfín rọ́bà níwájú ẹ́ńjìnnì. O ní àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí yín ní Muwaileh, ní Sharjah, sọ pé kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ti kú, pé kí o ra tuntun, kí wọ́n dè é, kí wọ́n fa gáàsì sí i, kí o sì wà á lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Apá kìíní ọ̀rọ̀ wọn lè jẹ́ òótọ́. Apá kejì ló mú mi gbé bírò, nítorí kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ìwọ náà kì í sì í gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ mi lọ bí o bá wà níbi iṣẹ́.

Ọmọ mi, kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kì í ṣàdédé kú. Ohun kan ló ń pa á. Bí ẹ kò bá wá ohun náà rí, tuntun tí ẹ bá rà yóò bá ti àkọ́kọ́ lọ, owó yín yóò sì bá a lọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi gírámà pá ọ láyà. Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ló ń fa gáàsì tí agbára rẹ̀ ti rọ̀ jáde láti inú kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Yóò fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná tí yóò sì le, yóò wá tì í lọ sínú kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀. Ibẹ̀ ni gáàsì ti ń da ooru tó kó nínú mọ́tò síta, tí yóò sì di olómi. Olómi náà yóò gba ojú fáàfù tóóró kan, agbára rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì, yóò tutù, yóò sì tún wọ inú kọ́ìlì padà. Òróró tí kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ fi ń gbé ara rẹ̀ kò jókòó sójú kan bíi ti ẹ́ńjìnnì. Inú gáàsì ló wà, òun àti gáàsì ni wọ́n jọ ń yí ká.

Nítorí náà, bí gáàsì bá ń jò, òróró ń bá a lọ, èyí tó kù kò sì lágbára láti gbé ìyókù òróró padà wá sílé. Mọ́tò á ṣì máa tutù díẹ̀, ìwọ náà á máa fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ irin ti ń ha irin nínú. O sọ fún mi pé wọ́n ti fa gáàsì sí i láìpẹ́ yìí, wọ́n sì tún fà á, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà lọ. Gáàsì AC kì í tán bí epo bẹntiróòlù, kò síbi tó ti ń jó. Bó bá ti dín kù, ó ń jò ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: kí wọ́n wá ojú tó ń jò náà kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Ooru náà ń pa á. Ìwọ lo ń ròyìn sún-kẹẹrẹ ojú títì E311 fún mi láràárọ̀, pé láti ọ̀dọ̀ yín dé National Paints, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣáájú mọ́tò. Bí mọ́tò bá dúró lójú kan, atẹ́gùn kì í fẹ́ sí kọ̀ńdẹ́ńsà mọ́ àfi èyí tí fáànù bá fà. Bí iyanrìn àti eruku aṣálẹ̀ bá wá dí ihò rẹ̀, tí fáànù náà sì ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, agbára gáàsì yóò máa gòkè, kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ yóò máa ti ohun tí kò ṣeé tì. Sọ fún wọn kí wọ́n fi omi fọ ojú kọ̀ńdẹ́ńsà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì tan fáànù níṣojú rẹ.

Kí ẹ tó sọ pé ó ti kú, ẹ dán an wò. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n bọ́ bẹ́líìtì, kí wọ́n fi ọwọ́ lásán yí púlì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yí irin àárín tó wà níwájú rẹ̀. Bí púlì bá ń há, tó ń dún, ṣùgbọ́n tí irin àárín ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ríìnì ló bàjẹ́, bẹ́ríìnì sì ṣeé pààrọ̀ fúnra rẹ̀ láìra odidi kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ tí wọ́n jù nù nítorí bẹ́ríìnì, àti òmíràn tó jẹ́ pé fíúùsì lásán ló jó. Ṣùgbọ́n bí irin àárín bá gan pa, a jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Bó bá gan, jọ̀ọ́, má wa mọ́tò náà rárá, ì báà jẹ́ pé o pa AC. Mọ́tò Packard tí wọ́n fi AC sí láti iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1940, kò ní kúlọ́ọ̀ṣì tó lè já kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kúrò lára púlì. Ẹni tí kò bá fẹ́ AC mọ́ ní láti pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì bọ́ bẹ́líìtì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé òde òní ti padà síbẹ̀ lọ́nà tiwọn: kò sí kúlọ́ọ̀ṣì, kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ń yí nígbà gbogbo. Lára irú Corolla tìrẹ, bẹ́líìtì kan náà ló sì ń yí pọ́ńpù omi àti ẹ̀rọ tó ń ṣaájì bátìrì. Bó bá já lójú títì márosẹ̀, gbogbo wọn ló dúró.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti la ojú rẹ sílẹ̀ gan-an rèé. Bí wọ́n bá tú páìpù AC, kí wọ́n fi aṣọ funfun nu ẹnu rẹ̀. Bí òróró rẹ̀ bá mọ́, ẹ dúpẹ́: kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀, dúráyà tó ń fa omi inú gáàsì, àti àwọn rọ́bà róbótó orí ìsopọ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Bó bá dúdú, tó ń dán pẹ̀lú ẹ̀kúnná irin, kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ti lọ ara rẹ̀ kúnná, ó sì ti pọ̀ ọ́ sí gbogbo ara AC. Kọ̀ńdẹ́ńsà òde òní kò ṣeé fọ̀ nínú, ojú ọ̀nà rẹ̀ ti tín-ínrín jù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fáàfù náà. Kí wọ́n fi oògùn ìfọ̀ fọ àwọn páìpù àti kọ́ìlì, kí wọ́n fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ. Mo mọ̀ pé owó á gun òkè, ọkọ rẹ á sì fajú ro. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnná irin yẹn kò mọ tuntun yàtọ̀ sí ògbólógbòó, ẹnu kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni yóò kọ́kọ́ wọ̀.

Dúráyà ni wọ́n sábà máa ń fò. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ńdẹ́ńsà ló fara pamọ́ sí, wọn a sì ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti wọ AC, dúráyà ti mu omi yó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kì í mú àdéhùn gáráńtì ṣẹ bí o kò bá fi hàn pé o pààrọ̀ dúráyà.

Ọkọ rẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ògbólógbòó ní Industrial Area. Kò burú láti béèrè. Àwọn ọjà ògbólógbòó Sharjah yẹn ni àwọn ará ilé wa ti ń di kọ̀ńténà tó ń wá sí ọjà Ládípọ̀ àti Aràrọ̀mí níbí, tí a ó máa pe páàtì inú rẹ̀ ní Belgium. Èmi fẹ́ràn ojúlówó kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ Denso tí wọ́n tú lára mọ́tò tí wọ́n gbá nídìí ju ayédèrú tuntun inú páálí dídán lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òjò 16 April 2024, èyí tó rọ̀ tó 254.8 mìlímítà ní Khatm Al Shakla, tí irú rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ̀ ń gbé láti 1949. Omi gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò mì nígbà náà, páàtì wọn kò sì parẹ́. Bí ẹ bá rí ìpẹtà ní ojú kúlọ́ọ̀ṣì, tàbí tí ihò páìpù kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ náà ṣí sílẹ̀ láìní ìdérí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Tèmi ni pé ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé ọmọ kékeré kọjá sí Dubai lójoojúmọ́, tuntun ojúlówó ni kí ẹ rà.

Ọ̀rọ̀ gáàsì kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá de gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi pọ́ńpù fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Wákàtí kan ni èmi máa ń fẹ́. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ yóò bá gáàsì di ásíìdì. Kí wọ́n ti géèjì lẹ́yìn náà, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá yóò mira. Kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì ní gíráàmù gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe sọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ di páìpù mú, tó ń sọ pé ó ti tó, ti ń méfò. Òróró náà kò gbọdọ̀ ju ti ìwé lọ, irú rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ yàtọ̀: Denso tó ń lo gáàsì R-134a, ND-OIL 8 ni tirẹ̀. Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa ògbólógbòó gáàsì sínú sìlíńdà, kí wọ́n má tú u dà sófuurufú. Gáàsì R-12 tí a fi kọ́ṣẹ́ ni àdéhùn Montreal ti 1987 lé kúrò nílẹ̀ nítorí ozone. R-134a tó rọ́pò rẹ̀ kò ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná bíi kílò 1,430 ti èéfín carbon dioxide láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bá mi kìlọ̀ fún ọkọ rẹ nípa Camry Hybrid rẹ̀: iná mànàmáná ńlá ló ń yí kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ tiyẹn, òróró rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí kò mọ hybrid kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà olómi ọsàn yẹn.

Gbé mọ́tò náà lọ ní kùtùkùtù, kí o jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ wọn. Ìjọba ibẹ̀ fúnra wọn ló fòfin de iṣẹ́ nínú oòrùn gbangba láti aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, láti 15 June sí 15 September. Ẹni tí ooru ń lù kò ní í dúró ti pọ́ńpù fún wákàtí kan nítorí rẹ. Kí o tó san dírámù kan, ya fọ́tò aṣọ funfun yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo ń retí rẹ̀.

Ìyá rẹ kí gbogbo yín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ