"Wọ́n lẹ́gbẹ́ o": ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, òǹtẹ̀ pupa àti owó àwọn alákùrọ̀

 

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá kan tó ń ṣe àkùrọ̀ lẹ́yìn ìlú níbí, ní Ilemona, pè mí pé kí n wá wo fídíò kan lórí fóònù ọmọ òun. Òpó gígùn kan ni, ó ní apá mẹ́ta lókè bíi fáànù, afẹ́fẹ́ ń yí i, omi ń tú jáde nísàlẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kò gba epo, kò gba oòrùn, afẹ́fẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ń lò. Ó wá fi kún un pé àwọn wà nínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná afẹ́fẹ́ lórílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Bàbá wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọ̀gá Àgíríìkì, ṣé kí n fowó lé e? Wọ́n lẹ́gbẹ́ o."

"Wọ́n lẹ́gbẹ́" yẹn ló mú kí n jókòó kọ èyí, torí ó ti kó mi sí wàhálà rí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn alákùrọ̀ kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kò rí owó bẹntiróò rà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi mọ́. Èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n, obìnrin ló pọ̀ jù, tòmátì àti ata ni wọ́n ń gbìn. Èmi ni mo ní kí wọ́n dáwó jọ ra ẹ̀rọ sọ́là. Èmi náà ni mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ kan wà nínú gíláàsì lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa ń dán lára rẹ̀. Mo rí ìwé yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Èmi tí mo gba dípúlómà, tí mò ń sọ fún gbogbo yín pé kí ẹ má ra irúgbìn tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀, èmi yìí náà ni mo tìtorí òǹtẹ̀ pupa jẹ́ kí wọ́n ná ₦640,000.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Omi tó ń tú yaa bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Oníná kan láti Ọ̀ffà fi mítà wọn páńẹ́ẹ̀lì náà lọ́sàn-án gangan: 300 watts ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kò mú ju nǹkan bí 170 lọ. Tòmátì ń tanná lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀yin tó ń gbin tòmátì mọ ohun tí òǹgbẹ máa ń fi òdòdó ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ̀n dànù.

Fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Àmọ́ mo ti ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí yẹn, mo bá pe nọ́mbà ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbé e fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní ọkùnrin náà san owó ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti pẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn mọ́. Mo ní, bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tàwọn ni kí àwọn máa gbẹnu sọ fún àwọn oníṣòwò náà lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ọjà, kó lọ bá àwọn àjọ tí ìjọba yàn fún un.

Kò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò mọ ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún.

Alhája tó jẹ́ alága wọn kò pariwo. Wọ́n kàn wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ la mọ̀. A ò mọ ẹni yẹn." Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń yọ nǹkan díẹ̀ nínú owó oṣù mi sínú àpótí ẹgbẹ́ náà. Kò tíì pé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná afẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1974, àwọn ará Bìrìtìkó ní 1978. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, tó ń tà á, tó ń gbé e nàró ló pọ̀ jù nínú irú wọn. Wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí òfin iná àti owó orí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, irú iṣẹ́ yẹn ni Renewable Energy Association of Nigeria ń ṣe fún àwọn oníṣòwò sọ́là àti àwọn yòókù. Kò burú o. Bí kò bá sí ẹni tó ń gbẹnu sọ, owó tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá bù lé páńẹ́ẹ̀lì, orí àgbẹ̀ ló máa já lé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí àwa mọ̀ lọ́jà kọ́ nìyẹn. Lọ́jà wa, bí ẹnì kan bá tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, wọ́n á gba kọ́ńgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ohun tí mo rò pé òǹtẹ̀ pupa ń sọ fún mi nìyẹn, pé wọ́n ti yẹ kọ́ńgò rẹ̀ wò.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ará Dẹ́ńmáàkì. Ní 1978, àwọn tó ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àgbẹ̀ sì wà nínú wọn dáadáa. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò ní tiwọn títí di 1981. Ẹgbẹ́ àwọn tó rà yìí ní ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Naturlig Energi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á kọ iye iná tí ẹ̀rọ wọn mú jáde lóṣù yẹn ránṣẹ́, wọ́n á kọ èyí tó bàjẹ́, ìwé ìròyìn á sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n tún fi dandan lé e pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì kejì tí yóò dá a dúró fúnra rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá já nínú ìjì. Ìjọba náà kò fi tiẹ̀ ṣeré: láti 1979, wọ́n ń san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ fún ẹni tó bá rà á, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ibùdó àyẹ̀wò wọn ní Risø ti fọwọ́ sí. Ẹ sì wò ó, Vestas tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, irinṣẹ́ oko wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bonus náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìbomirin oko ló ti jáde. Wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ tó rà á lónìí á padà wá bá àwọn lọ́la.

A ti ra ìwé nóòtù kan báyìí, ọ̀dọ̀ Alhája ló wà. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá ra ẹ̀rọ, á kọ ọjọ́ tó rà á, ọwọ́ ẹni tó ti rà á, iye tó san, àti kéèbù omi mélòó ló ń kún láàárín wákàtí kan ní oṣooṣù. A ń lẹ risíìtì mọ́ ọn. Risíìtì yẹn ni ẹ máa mú lọ bá àjọ FCCPC tàbí SON bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ká ní mo gba tèmi dáadáa lọ́jọ́ náà ni. Oṣù tó kọjá, oníṣòwò kan láti Ọ̀ffà wá bẹ Alhája pé kí àwọn jẹ́ kóun wo ohun tí wọ́n kọ nípa òun. Wọ́n fi hàn án. Ó tún ẹ̀rọ ẹnì kan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ní ti bàbá àti fídíò wọn, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ti ẹgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká bi afẹ́fẹ́ léèrè. Bí eré afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, agbára tó wà nínú rẹ̀ kì í kù sí ìdajì o, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló ń kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìhà Katsina lókè lọ́hùn-ún ni ìjọba gbé tirẹ̀ lọ, sí Lambar Rimi, òpó 37 tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ megawatt 10. Iṣẹ́ yẹn náà sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ju ọ̀dọ̀ wa lọ.

Bàbá kò fẹ́ gbà. Mo ní kí wọ́n ri ọparun gígùn kan mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sí, kí wọ́n so aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ orí rẹ̀, kí ọmọ wọn máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kó máa kọ ọ́ bóyá aṣọ nà tàbí ó rọ̀. Àná ni ọjọ́ kẹsàn-án. Nínú ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìgbà mẹ́rin ló nà, nínú ọyẹ́ yìí náà o. Bàbá ní kí n jẹ́ kó pé oṣù kan. Wọn ò tíì pe ẹni inú fídíò yẹn.