₦120,000 di ₦440,000 lójú Akọ̀wé: Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe fẹ́ dá ẹgbẹ́ aláta rú ní Ketu!

Obìnrin méjìlélógún ni wọ́n, gbogbo wọn ló ń ta ata, tòmátò àti àlùbọ́sà ní Mile 12. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni oníkálukú wọn ti ń dá ₦1,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dé ogún ọ̀sẹ̀, ₦440,000 ni yóò wà nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìrẹsì àti òróró ni wọ́n máa ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà láti fi ṣọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. "Ojoojúmọ́ là ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò," ni Alága wọn wí, "ẹ jẹ́ káwa náà lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́." Ni wọ́n bá fẹnu kò pé, lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde 2025, àwọn máa ṣátà ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kó lọ bá wọn wá ọkọ̀. Obìnrin tó mọ ìṣirò dáadáa ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó owó sí i lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ojú omi, ó pè é. Ọmọkùnrin náà dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Mọ́mì, ₦120,000 péré ni. Gbogbo yín lẹ máa wọ̀ ọ́." Inú Akọ̀wé dùn. Ó fi ₦40,000 ṣọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀, kò gba rìsíìtì. Nígbà tí wọ́n ṣèpàdé ní Ikosi lọ́jọ́ Sunday, ó dìde, ó ní ọkọ̀ ti délẹ̀, ₦120,000 ni, ₦320,000 máa kù fún jíjẹ àti mímu. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ pé ká fi ra aṣọ ẹgbẹ́.

Àṣé ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ní Ketu, omi kò jìnnà sí i. Odò Ògùn ló ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sínú ọ̀sà. Àwọn èèyàn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé Agboyi tó wà láàárín omi, tí ìjọba ìdàgbàsókè Agboyi-Ketu ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Ketu ló jẹ́ pé bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n mọ iye rẹ̀. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń da owó ọkọ̀ ojú omi. Oríire Akọ̀wé ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ọmọ bàbá kan náà, ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láàárín Ketu àti Agboyi láti ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́dún 2010, nígbà tí omi láti ìdídò Oyan ya bo Ajegunle lójú ọ̀nà Ikorodu, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù àwọn èèyàn jáde nínú ilé.

Ìyàwó ilé náà lọ kí i, ó fi ọ̀rọ̀ ọdún Àjíǹde ṣe ìròyìn fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ₦120,000 yẹn, wákàtí mélòó ni?"

"Bọ̀dá mi, mi ò bi í."

"Epo wà nínú rẹ̀ àbí kò sí?"

"Mi ò bi í, sà."

"Èèyàn mélòó ni ọkọ̀ náà ń kó? Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà nínú rẹ̀? Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò san owó ìwọlé etíkun?"

Akọ̀wé kò lè fèsì. Bàbá ní kó gbé fóònù rẹ̀, kó pe ọmọ náà níwájú òun, kó bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdáhùn ti ń jáde ni òógùn ń bọ́ lójú Akọ̀wé. Wákàtí mẹ́rin ni ₦120,000 wà fún, ₦25,000 ni wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Epo kò sí nínú rẹ̀. Owó ìwọlé etíkun, ₦2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó ₦30,000 sílẹ̀ nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n máa gbà á padà bí wọ́n bá dé láyọ̀. Ọkọ̀ náà ń kó èèyàn mẹ́rìnlá, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá náà ló sì wà nínú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ ó há ara yín díẹ̀ ni, kò jìnnà."

Bàbá gbé bírò. Ó ní epo ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ́ńjìnnì 75 ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Bí ẹ́ńjìnnì elépo-àpòpọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ bá ń sáré dáadáa, ó máa ń mu nǹkan bíi lítà 28 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì 40 ń mu bíi 15. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì 115 méjì mọ́ ń mu tó lítà 87. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó rí gbàgàdà, tó ń tàn yanran, fi ń wọ́n ju èyí tó rí pẹlẹbẹ lọ, kódà bí ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà epo kan kò tó ₦200 l'Ékòó. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, ó fò kọjá ₦480. Nígbà tó fi di ìparí oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá ń sọ pé "epo kò sí nínú rẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́.

Bàbá ní káwọn fi ₦1,000 ṣírò lítà kan, kó lè rọrùn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni àlọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni àbọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró dè wọ́n, wákàtí kan péré ni ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ₦28,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá já wọn sílẹ̀, tó padà lófo, tó tún wá lófo láti kó wọn, ìrìn mẹ́rin ló di yẹn, epo náà di ₦56,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé "wá já wa, kó o máa lọ" ló dínwó jù. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Èèyàn méjìlélógún kò lè wọ ọkọ̀ èèyàn mẹ́rìnlá, nítorí náà ọkọ̀ méjì ni wọ́n nílò: ₦240,000. Epo ọkọ̀ méjèèjì: ₦56,000. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ lò, wákàtí méjì tó lé lórí ọkọ̀ méjèèjì: ₦100,000. Owó ìwọlé èèyàn méjìlélógún: ₦44,000. Àròpọ̀ rẹ̀: ₦440,000 géérégé! Wọn ò tíì ra ìrẹsì ẹyọ kan, wọn ò tíì san owó bọ́ọ̀sì láti Ketu gba orí Third Mainland dé èbúté Falomo.

Akọ̀wé kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, ó dìde, ó ka ìwé náà sétí wọn. Ilé dàrú! "₦120,000 lo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá!" ni obìnrin kan tó ń ta rodo pariwo. "Báwo ló ṣe di ₦440,000? Ẹ bi í pé ibo ló kó owó wa lọ!" Òmíràn ní òun ò bá wọn lọ mọ́, kí wọ́n dá owó òun padà. Ẹnìkẹta ní, "Àbí ọmọ yẹn ò sọ pé gbogbo wa lè wọ̀ ọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká há ara wa. Ṣé a kì í há ara wa nínú dánfó ni?" Àwọn kan ti ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti lé ròrò sójú Akọ̀wé. Ọdún mẹ́fà tó ti ń tọ́jú owó wọn, ẹnikẹ́ni kò pè é lólè rí.

Ìyá kan wà láàárín wọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ti dàgbà, ẹ̀fọ́ ló ń tà mọ́ ata. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Àbúrò mi ọkùnrin," ló wí, "inú ọkọ̀ tó kún àkúnjù ló bá lọ. Wọ́n ní kò jìnnà. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kò kárí. Ọjọ́ kẹta la tó rí i. Bí ẹ bá fẹ́ há ara yín, ẹ yọ tèmi kúrò. Ẹ má fún mi lówó mi padà, ẹ ṣáà yọ tèmi kúrò."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Dánfó tó bá kún, ẹni tó bá rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìsọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀sà.

Alága ló wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Akọ̀wé lórúkọ ẹgbẹ́, ó ní kó lọ tún un ṣe, kó wá ọ̀nà mìíràn. Akọ̀wé tún gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bàbá náà ronú títí, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé dandan ni kí gbogbo yín gbéra lẹ́ẹ̀kan náà?" Ọ̀rọ̀ yìí ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ọkọ̀ kan ni wọ́n máa lò. Èèyàn mọ́kànlá máa kọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ á padà wá kó mọ́kànlá tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa bọ̀. Ìrìn mẹ́fà ni, wákàtí mẹ́ta lójú omi, epo rẹ̀ ₦84,000. Owó ọkọ̀ ₦120,000, wákàtí méjì tó lé ₦50,000, owó ìwọlé ₦44,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦298,000. Èrè rẹ̀ ni pé, nínú wákàtí mẹ́fà náà, ìpín kọ̀ọ̀kan máa lo wákàtí mẹ́rin gbáko létíkun. Bí ọkọ̀ méjì ni wọ́n lò, márùn-ún ni wọn ì bá lò. Wákàtí kan péré ni wọ́n pàdánù, ₦142,000 ló sì kù sí wọn lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ mìíràn, Akọ̀wé pe ọlọ́kọ̀. Kò bá a jà, ó kàn ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: wákàtí tí wọ́n gbéra, wákàtí tí wọ́n padà, iye lítà epo, iye láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, àti pé bí òjò bá le jù, wọ́n máa sún ọjọ́ síwájú láìsan owó tuntun. Ó ní kó kọ ₦40,000 àsansílẹ̀ náà sí i. Ó tún bi í bóyá ìwé ọkọ̀ náà pé. Àjọ LASWA tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tó wà láti ọdún 1997, ti fa ọ̀rọ̀ ta ló ni àkóso omi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì dá ìjọba àpapọ̀ láre lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ohun tó kan èrò kò yí padà: láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí àkúnjù, kò sí ìrìn òru. Ọmọ náà kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè gbogbo èyí lọ́wọ́ mi."

Ọjọ́ pé, wọ́n lọ sí Tarkwa Bay, níbi tó jẹ́ pé omi nìkan ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Ara wọn ni wọ́n ti mú tòmátò àti ata ọbẹ̀, nítorí náà ₦70,000 tó oúnjẹ wọn. Bọ́ọ̀sì gba ₦60,000. Akọ̀wé fi owó ara rẹ̀ kó ₦30,000 sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó wọ ọkọ̀, ó ti pe awakọ̀, ó ti fi ìka tọ́ka sí àga tó ti ya tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ló fà á ya.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà lọ. Òun ló kọ́kọ́ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, tó ń bá wọn fa okùn rẹ̀ le. Kò bọ́ sómi, etí omi ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí ọkọ̀ dé láti kó ìpín àkọ́kọ́ padà, obìnrin onírodo tó pariwo nípàdé ní òun ò tíì fẹ́ lọ, kí wọ́n fi wákàtí kan kún un. Akọ̀wé wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"₦25,000 ni wákàtí kan, ìyá wa. Ṣé kí n kọ orúkọ yín sí i?"

Ẹ̀rín bú sẹ́kún. Onírodo náà gbé bàtà rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dénú ọkọ̀.

Wọ́n gúnlẹ̀ ní Falomo kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́kọ̀ dá ₦30,000 padà. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé ka ìwé owó sétí ẹgbẹ́, ₦12,000 ló kù, ó kó o sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí.