Ìbọn Bàbá Mi

Àsìkò ọdún Ògún ni onílé kọ̀ọ̀kan máa ń kó irin rẹ̀ síta, ìgbà náà ni ojú sì máa ń ti ẹlòmíràn. Ojú ti tì mí rí. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Awo ni bàbá mi, ọdẹ sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n papò dà, Ifá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìbọn ṣakabùlà wọn di ti àbúrò mi. Ṣùgbọ́n Èkó ni àbúrò ń gbé, ló bá ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo kì í bọ inú ọ̀rá, mo so ẹnu ọ̀rá pa, mo gbé e sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dọọdún tí a bá bọ Ògún, màá gbé e jáde, màá ta epo pupa sí i lára, màá tún wé e padà. N kì í wo inú rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí àpọ́nlé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 6 gbáko ni mo fi ṣe é.

Ló bá di pé ọdẹ àgbà kan kú ní abúlé wa, wọ́n fẹ́ ṣípà rẹ̀. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́ nígbà ayé wọn, nítorí náà àbúrò mi ní ìbọn Bàbá lòun máa yìn. Ó ti mú ẹtù dání kí bàbá alágbẹ̀dẹ wa tó ní kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ki ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn, wọ́n rí i pé kò sí ẹtù nínú rẹ̀. Wọ́n wá wé àkísà mọ́ ọ̀pá, wọ́n tì í wọlé. Nígbà tó jáde, àfi bí ẹni fi osùn pa á. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀, níbi ojú ihò iná. Irin ń bó bí èèpo iṣu, ó ti fẹ́ lu.

Wọ́n ní, “Ẹ gbé ẹtù yín padà. Ẹni tó bá yìn ín, ojú rẹ̀ ló máa bẹ́ sí.”

Àbúrò mi wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí ẹ ṣe ń bá mi tọ́jú Bàbá nìyí?” Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ sẹ́yìn níbẹ̀. N kò rí èsì fọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ nílé. Wọ́n ní eérú ẹtù tó kù sínú ìbọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ṣé ẹ wá rí i, èmi gan-an ni mo máa ń gbé omi gbígbóná fún bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá tinú oko ọdẹ dé! Wọ́n á dà á sínú ìbọn, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó fi òróró sí i. Mo gbé omi, n kò kọ́ ẹ̀kọ́. Aṣọ àti ọ̀rá tí mo tún wá fi dì í, ṣe ni wọ́n sé ọ̀rinrin mọ́ ọn.

Wọ́n tún ní epo pupa tó bá pẹ́ lára irin máa ń kan, kíkan rẹ̀ á sì máa jẹ irin. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn jiyàn. Mo ní, “Ṣé epo Ògún ló wá ba ìbọn Ògún jẹ́ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Awo, oúnjẹ Ògún ni epo. Ta ní ń fi oúnjẹ wẹ̀?”

Mo ronú títí lóru ọjọ́ náà. Orí àjà ìdáná ìyá mi ni ìbọn yẹn máa ń wà. Ooru àti èéfín ń gbẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó pè é ní ìtọ́jú. Gáàsì la fi ń dáná báyìí, àjà ti lọ, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Ní tèmi báyìí, mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí mo bá bọ Ògún, epo rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ti yẹ. Ní ọjọ́ kẹta, màá fi àkísà tútù nu irin, nítorí iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, kódà ó wà nínú òógùn ọwọ́ wa. Màá nù ún gbẹ, màá fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. (Ilé tí èyí bá jẹ́ èèwọ̀ fún, kí wọ́n bi àgbà wọn o, kí wọ́n má sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é.) Àdá tó ti dógùn-ún díẹ̀, ewé eépín àti kẹrosíìnì á gbà á. Ọ̀pá òsùn ni kí ẹ ṣọ́ jù: ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti wọ sìmẹ́ǹtì ni omi òjò máa ń dúró sí, ẹ ò sì ní mọ̀ títí yóò fi ṣubú.

Ìbọn tí ẹ̀ ń yìn, ẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ yìn ín. Ẹ má fi sínú ọ̀rá, ẹ má fi sínú àpò awọ. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni kó kọ́kọ́ rí i. Ẹ má sì gbàgbé ìwé àṣẹ, ìjọba ò yọ ṣakabùlà sílẹ̀.

Ìbọn Bàbá ò lè yìn mọ́. Ojúbọ Ògún ló wà, mo ń nù ún. Àbúrò mi ti ra tirẹ̀. Bó bá pè mí láti Èkó, kó tó béèrè àlàáfíà ilé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti nu Bàbá?”