Kí Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Dán, Kó Kọ́kọ́ Lè Dúró

Àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ní àṣà kan tó ń kọ mí lóminú. Bí ọkọ̀ bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ ọlọ́dà la kọ́kọ́ ń sáré lọ. A ó kun ún, a ó pààrọ̀ aṣọ àga, a ó wá rédíò tó bá ìgbà rẹ̀ mu, a ó sì gbé e lọ sóde ìyàwó kí gbogbo ayé lè yà á ní fọ́tò. Páìpù bíréèkì tín-ín-rín tó gba abẹ́ rẹ̀ lọ láti iwájú awakọ̀ dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun ni ẹ̀mí wa so mọ́.

Peugeot 504 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé lọ́dún 1968. Lọ́dún 1969 ló gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún nílẹ̀ Yúróòpù, nígbà tó sì di 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó láyé ìgbà yẹn mọ ọkọ̀ náà bí ẹni mowó: ọkọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ni, ọkọ̀ olùkọ́ yunifásítì ni. Tiwa lo ọ̀pọ̀ ọdún l'Ékòó nítòsí ọ̀sà, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi, kí bàbá tó fẹ̀yìntì gbé e wá sí Ìbàdàn.

Àgbà ọ̀jẹ̀ ni mẹkáníìkì tó ń bá bàbá mi tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi wo abẹ́. Wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n fi irin gbà á dúró, wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí irin pẹlẹbẹ kékeré kan ti di páìpù mọ́ ara ọkọ̀. Ẹrẹ̀ ti kó sábẹ́ irin náà láti ọjọ́ pípẹ́, omi inú rẹ̀ ò sì ráyè gbẹ. Wọ́n fi èékánná ha páìpù náà. Ìpáàrà ń ré bọ́ ní ìpele-ìpele, ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ sì ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Ọmọ Ọ̀gá, ẹ wò ó," ni wọ́n wí. "Bí bàbá yín bá rí èyí, wọn ò ní wà á jáde."

Ohun tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ nìyí. Epo ni bíréèkì fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, másítà á ti epo sínú páìpù. Epo ò sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, nítorí náà agbára ẹsẹ̀ wa á dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lójú kan náà. Afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fún táyà kì í sábà ju bí 30 sí 35 psi lọ. Nínú páìpù tí kò nípọn ju mìlímítà 5 lọ yìí, agbára tí epo fi ń tì lè ju 1,000 psi lọ bí a bá tẹ bíréèkì gidigidi. Ibi tí ìpáàrà ti jẹ ò ní fọhùn lọ́jọ́ tí a ń rìn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí ọmọdé bá ṣàdédé já sójú títì, tí a fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ni yóò bẹ́.

Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ páìpù náà, irin bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, ó sì dára, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, yóò tún dógùn-ún. Páìpù bàbà lásán, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀: bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n, á máa gan, á sì sán. Èyí tí wọ́n po bàbà mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ṣe dára púpọ̀, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Stainless ni èmi yàn nítorí òkúta tó ń ta lu abẹ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa. Króómíọ̀mù inú rẹ̀, tí kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń da awọ fẹ́lẹ́ kan bo irin náà tí ìpáàrà kì í fi í tètè rí i wọ̀.

Líle tó mú un dára náà ló mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro. Wọn kì í fi ayùn gé e. Ọ̀bẹ tí a ń yí ká ara páìpù ni, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Wọ́n á ha etí rẹ̀, wọ́n á fẹ́ érún irin kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, torí érún lè ba rọ́bà inú bíréèkì jẹ́. Nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti wọ ara páìpù kí wọ́n tó fẹ ẹnu rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ráyè wọ̀ mọ́. Ibi fífẹ ẹnu yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Irinṣẹ́ gbàrọgùdù á máa yọ̀ lára stainless, ẹnu páìpù á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó sán. Bí Bàbá Mẹkáníìkì bá fẹ ẹnu kan tán, wọ́n á gbé e sójú oòrùn, wọ́n á yí i po, wọ́n á fojú wá ibi tó bá sán. Èyí tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, gígé ni. Nígbà tí wọ́n ń dè é, wọ́n fún un, wọ́n tú u, wọ́n tún fún un, kí irin líle náà lè jókòó sáyè rẹ̀. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni mo sanwó fún, kò sì dùn mí.

Họ́ọ̀sì rọ́bà tó so páìpù mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Rọ́bà tó ti gbó lè wú nínú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Epo á lọ, kò ní lè padà, bíréèkì á sì máa di táyà mú. Èyí tí wọ́n hun wáyà stainless bò kì í fẹ̀ bíi rọ́bà lásán. Ṣùgbọ́n ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ rí i pé họ́ọ̀sì ò kan táyà.

Ọmọ mi obìnrin ló bá wa tẹ bíréèkì nígbà tí a ń yọ afẹ́fẹ́ inú epo. "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Ó yá, fi sílẹ̀!" Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà la ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń hó jáde sínú ìgò, ó ń dín kù, títí epo nìkan fi ń ṣàn. "Dádì, ó ti le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi o." Inú mi dùn, torí lọ́jọ́ kan òun náà ni yóò wà á.

Síbẹ̀, stainless kì í ṣe gbogboǹṣe. Epo bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Bó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155°C. Bó bá hó nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláàyè, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lásán ni. Bó bá ti ń pé ọdún 2, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ì tíì ra ọ̀dà. Ẹ gbé e sókè, ẹ ha ẹrẹ̀ kúrò, ẹ wo páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó tí ẹ fẹ́ fi kun ún, ẹ kọ́kọ́ fi ra páìpù gidi àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń sọdá títì ò mọ iye ọdún tí ọkọ̀ yín ti lò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ náà dúró.