Igbó Wo Ni Mọ́mì Ń Wí?

A wà nínú trotro ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń ti Legon lọ sí Achimota. A nawọ́ sí àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà, a sì sọ fún ọmọ wa pé, "Àdùkẹ́, wo igbó." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kíá ló fọwọ́ bò wá lẹ́nu. "Mọ́mì, ẹ má sọ ọ́ sókè! Wọ́n á ní ẹ̀ ń mu ún." Nínú fíìmù Nàìjíríà tó ń wò, igbó kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ìta ń fà. Ibi tí igi pọ̀ sí, búùṣì lòun ń pè é.

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ká wa lára. Ẹ̀kọ́ nípa èdè là ń kọ́, iṣẹ́ àtúnṣe àpilẹ̀kọ Yorùbá la fi ń jẹun, ọmọ inú ilé wa ò sì mọ igbó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àjákọ rẹ̀: igbó, ìgbẹ́, ẹgàn, ọ̀dàn, ijù, aginjù. (Ìgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó di ìgbà tí a rán an létí ẹran ìgbẹ́ kí ẹ̀rín tó dúró.) Aginjù ló dá àwa gan-an dúró. Aginjù inú ìtàn ọdẹ, igi ibẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀. Aginjù inú Bíbélì, àti Sàhárà tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé ìwé, kò fi bẹ́ẹ̀ ní igi. Ó jọ pé kì í ṣe igi ni ọ̀rọ̀ yẹn ń kà, bí kò ṣe bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí èèyàn tó.

A pe Ìyá àgbà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgàn àti igbó?" Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ibi tí àdá ò kàn rí ni ẹgàn. Ní tiwa níbí, ọ̀dàn ló pọ̀, koríko pẹ̀lú igi káàkiri. Igbó ńkọ́? Igbó lè ti jẹ́ oko rí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ bi mí léèrè oko bàbá mi."

Accra ni Ìyá àgbà ti ta aṣọ nígbà èwe wọn, ní Lagos Town tí wọ́n ń pè ní Accra New Town báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Ìyá àgbà kó ọmọ méjì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Oko bàbá wọn tí wọ́n gbójú lé, ẹlòmíràn ti kọ ebè sí i. "Igbó la bá níbẹ̀," ni onítọ̀hún sọ. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ẹjọ́ náà dá lé. Lójú ẹni tó ṣán an, igbó ni, kò ní olówó. Lójú Ìyá àgbà, oko tó di igbó ni, olóko sì ti dé. Pèrègún mẹ́rin tí bàbá wọn gbìn sí ààlà ló gbà wọ́n. Títí dòní, wọ́n ṣì lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Lẹ́yìn ìpè yẹn, ojú tí a fi ń wo Achimota yí padà. Kì í ṣe ẹgàn. Ìjọba amúnisìn ló sọ ọ́ di igbó ọba lọ́dún 1930, kí ilé ìwé Achimota lè máa rí igi dáná. Lọ́dún 2022, ìjọba Ghana kéde pé apá kan létí rẹ̀ kì í ṣe igbó ọba mọ́, pé ó ti padà sọ́dọ̀ ìdílé tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Ariwo sọ ní gbogbo Accra. Ẹ̀rù àwọn igi náà bà wá, ṣùgbọ́n nígbà tí a rántí pèrègún Ìyá àgbà, a ò lè bá ìdílé yẹn bínú.

Àwọn Gã a máa sọ pé ìtumọ̀ Achimota ni pé a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí àwọn ẹrú tó sá pamọ́ sínú igbó náà. A sọ èyí fún Àdùkẹ́. Ó ní ṣé a wá rí i pé òun ò jẹ̀bi nígbà tí òun fọwọ́ bò wá lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a tún gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ó fi imú lẹ gíláàsì fèrèsé, ó ń wá nǹkan. "Mọ́mì, igbó rèé," ó sọ ọ́ sókè, gbogbo ọkọ̀ gbọ́. "Pèrègún ẹ̀ wá dà?"