Ẹsẹ̀ Bèbí Àbúrò Mi

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni mo délé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún màmá mi. Ọ̀rá ni wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń tà ní Òkè-Àjẹ. Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa nípa phthalate ni, kẹ́míkà olómi bí òróró tí wọ́n ń pò mọ́ ike PVC kó lè rọ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ padà sí ewé. Kẹ́míkà wà nínú ọ̀rá yẹn." Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò, àbí wọ́n kàn sọ fún ẹ ni? O mọ iye tí wọ́n ń ta ewé?"

Èsì ò sí lẹ́nu mi. Nígbà tí mo ń padà sílé ìwé, mo gé díẹ̀ lára ọ̀rá náà, mo gé etí aṣọ tábìlì onírọ́bà wa, mo mú bàtà rọ́bà kan tó ti já, mo sì yọ ẹsẹ̀ bèbí àbúrò mi obìnrin. (Ó sunkún. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní bèbí.)

Àyẹ̀wò tí Friedrich Beilstein gbé jáde ní 1872 ni mo ṣe, torí kò gbówó lórí. Wáyà bàbà lèèyàn máa fi sínú iná títí á fi pọ́n, á fi kan ike náà, á tún dá a padà sínú iná. Bí chlorine bá wà níbẹ̀, bó ṣe wà nínú PVC, iná á di àwọ̀ ewé. Inú àpótí tó ń fa èéfín jáde la ti ṣe é o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rá mọ́ínmọ́ín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Iná ò yí padà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, torí ká sòótọ́, mo fẹ́ kó jẹ̀bi. Polyethylene ni, ó rọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí phthalate. Bàtà ńkọ́? Àwọ̀ ewé. Aṣọ tábìlì, àwọ̀ ewé. Ẹsẹ̀ bèbí, tí àbúrò mi ti ń jẹ lẹ́nu látìgbà tó ti ń rá, àwọ̀ ewé yọ̀yọ̀.

Mo ti fẹ́ máa jó nígbà tí ọ̀gá tó ń mójú tó láàbù sọ pé, "Chlorine lo rí. O ò tíì rí phthalate." Òótọ́ ni. Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n lè fi mú PVC rọ̀. Ẹ̀rọ GC-MS ló máa ya kẹ́míkà inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó máa sọ orúkọ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì: òfin Amẹ́ríkà ti 2008 ní àwọn phthalate kan kò gbọ̀dọ̀ ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun ìṣeré ọmọdé, bẹ́ẹ̀ PVC rírọ̀ lè gba ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì lẹ̀ mọ́ ike náà pinpin. Ó ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, sínú itọ́, sínú epo, ó sì lè da họ́mónù ara rú.

Kò sí ẹ̀rọ náà ní láàbù tí mo ti ṣiṣẹ́. Níbi tí mo ti rí i, owó àyẹ̀wò ẹyọ kan ju owó oúnjẹ mi fún oṣù kan lọ. Ẹsẹ̀ bèbí ṣì wà nínú àpò ìwé nínú àpótí mi.

Mo pe màmá mi, mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bèbí yẹn ńkọ́?" Mo ní n ò tíì mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gba ìyókù rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ.